Ìgbéyàwó wo lẹ ṣe? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mi ò tíì ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán tí obìnrin kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ó gbé náílọ́ọ̀nù dúdú kan lé itan. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ ìwé kóòtù. Ẹ bá mi tẹ ìwé ìkọ̀sílẹ̀, kí n lọ fi lé bàbá yẹn lọ́wọ́ lónìí." Mo ní, "Ìgbéyàwó wo lẹ ṣe?" Ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè. "Ìgbéyàwó náà ni. Ṣé ìgbéyàwó pé méjì ni?"

Ó ju méjì lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò jìnnà sí kóòtù. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tẹ áfídáfíìtì (ìwé ìbúra) àti ìwé ẹjọ́ fáwọn èèyàn. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Àmọ́ ẹni tó bá ń tẹ ìwé ẹjọ́ lójoojúmọ́ á mọ ibi tí ẹjọ́ ti máa ń bàjẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, èmi náà ti kọ ọkọ rí. Ọkọ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Ẹ wá ìwé kí ẹ tó wá ẹ̀sùn

Ọdún 1999 ni mo ṣègbéyàwó. A ṣe ìdána láàárọ̀ Sátidé nílé bàbá mi. Alága ìjókòó kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há, wọ́n gbé owó orí sílẹ̀, àwọn bàbá mi dá a padà bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní àwọn ò ta ọmọ. A ò tíì jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán tí ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń fun fèrè níta. Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n pè wá sí tábìlì kan, a fọwọ́ síwèé. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà: èmi ni mo di bíírò mú, ojú mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ya fọ́tò. Mi ò ka nǹkan tí mo fọwọ́ sí. Ta ló ń ka ìwé lọ́jọ́ ìgbéyàwó?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa dójú ẹ̀ lọ́dún 2012, kóòtù ìbílẹ̀ kan ni mo gbé e lọ, èyí tí àwa ará ìlú ń pè ní kóòtù kọkọ-kọkọ. Akọ̀wé bi mí pé ìgbéyàwó wo la ṣe. Mo ní ti ìbílẹ̀. Irọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa. Ìdána ni mo kà sí ìgbéyàwó, lójú mi àdúrà lásán ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù mẹ́sàn-án la fi ń lọ tí a fi ń bọ̀. Wọ́n tú wa ká, wọ́n fún mi níwèé, mo ra mínírà fún àwọn tó sìn mí lọ.

Nígbà tó di ọdún 2015, èmi àti ọkọ mi ìsinsìnyí lọ sí rẹ́jísírì, ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba, láti forúkọ sílẹ̀. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì béèrè ìwé tó tú ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ká. Mo fà á yọ tayọ̀tayọ̀. Ó kà á, ó béèrè ìbéèrè méjì nípa ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mádàámù, ìyàwó ọkọ yín ìjelòó lẹ ṣì jẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe lábẹ́ Marriage Act (òfin ìjọba lórí ìgbéyàwó), ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká. Kóòtù ìbílẹ̀ ò ní agbára lórí rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dá owó orí padà tó tí yóò fi tú. Ká ní obìnrin yẹn ò béèrè ni, ká ní mo fọwọ́ síwèé kejì lórí ti àkọ́kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni. Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn, ní ẹsẹ 370 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún méje lè wà nídìí ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n títí mo fi délé.

Torí náà, ẹ lọ tú àpótí. Ìwé tí ẹ ń wá kì í ṣe ìwé ìpè, kì í sì í ṣe káàdì aláwọ̀ góòlù tí wọ́n kọ ẹsẹ Bíbélì sí. Èyí tí òfin mọ̀ ní nọ́ńbà. Orúkọ yín méjèèjì wà nínú ẹ̀, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí ẹ ń gbé nígbà náà, orúkọ bàbá yín àti iṣẹ́ tí bàbá kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹni tó so yín pọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Wọ́n sì dárúkọ Marriage Act lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ilé ẹjọ́ gíga lọ̀nà yín, ì báà jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ ti gbà á, ì báà jẹ́ rẹ́jísírì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí l'Ékòó, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Àwọn kan wà tí ìjọba fún láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀. Tí wọ́n bá so yín pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n sì fún yín ní sátífíkéètì tí mo júwe yẹn, kò yàtọ̀ sí ti rẹ́jísírì rárá. Àwọn mìíràn ò láṣẹ, ìbùkún nìkan ni wọ́n ṣe fún yín. Ìbùkún dára, ṣùgbọ́n kóòtù ò lè tú àdúrà ká. Bó bá jẹ́ pé ìdána àti ìbùkún nìkan lẹ ní, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lẹ ṣe.

Bí ìwé bá sọnù, tàbí tí ọkọ gbé e pamọ́, ẹ má bá ara yín jà nídìí àpótí. Ẹ̀dà kejì máa ń wà nípamọ́ ní rẹ́jísírì. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti fọwọ́ síwèé, ẹ mú ọjọ́ àti orúkọ lọ, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ tàbí ìsoyìgì

Èyí ò le, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ tó súnmọ́ ibi tí ẹ ń gbé lẹ ń lọ. Kò pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà. Ẹ ó ro ẹjọ́ fún akọ̀wé, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó san owó ìpẹ̀jọ́, wọn ó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ẹnìkejì. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ kì í yára tú èèyàn ká. Ẹ retí pé wọn ó ní kí ẹ lọ pe àwọn àgbà ìdílé méjèèjì. Ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí yín: ìyà, àìbìkítà, kò fún mi lówó oúnjẹ, ó ń halẹ̀ pé òun á pa mí, ó ti kó lọ bá ẹlòmíràn. Wọn ó béèrè owó orí. Bí wọ́n bá dá a padà lọ́jọ́ ìdána, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi ìtìjú pe iye kan.

Òótọ́ ni pé ìdílé méjì lè jókòó, kí wọ́n dá owó orí padà, kí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sì parí láì dé kóòtù. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gba ìwé. Àwọn àgbà tó jókòó lọ́jọ́ náà ò ní wà láyé títí, ọ̀rọ̀ ogún sì máa ń jí òkú ọ̀rọ̀ dìde.

Fún ẹ̀yin tí wọ́n so yìgì yín, ọkọ ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Ìyàwó tó bá fẹ́ lọ lè béèrè fún un, ó sì lè dá sàdáákì, ohun tí ọkọ fi fẹ́ ẹ, padà. Kò lè fẹ́ ẹlòmíràn títí yóò fi rí nǹkan oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí títí yóò fi bímọ bó bá lóyún. Lẹ́mọ́ọ̀mù àdúgbò yín á ṣàlàyé ju èmi lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé bí ẹ bá so yìgì lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ẹ sì fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì lọ́jọ́ Ajé, kóòtù gíga ni ti ìwé yẹn.

Ilé ẹjọ́ gíga: ìdí kan ṣoṣo, ọ̀nà mẹ́jọ

Òfin tó wà nídìí èyí ni Matrimonial Causes Act, wọ́n ṣe é lọ́dún 1970. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ẹni tó ń pẹjọ́ fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé rẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí lè gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní Ìkòyí tó wá ń gbé Ìpẹru lè lọ sí Ṣágámù. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó lè wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ò ní láti padà sí ìlú tí ẹ ti ṣàríyá. Ìyàwó tí ibùgbé ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè náà ò fọwọ́ lẹ́rán: bó bá ti ń gbé Nàìjíríà fún ọdún mẹ́ta gbáko títí di ọjọ́ tó pẹjọ́, òfin á kà á sí ẹni tó fi ibí ṣe ibùgbé.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí ìgbéyàwó. Bí kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ ò lè pẹjọ́ láì kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù, ẹ ó sì fi hàn pé ìyà tó ń jẹ yín kọjá èyí tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Àgbèrè, àti kí ẹnìkejì kọ̀ láti bá yín sùn rárá, wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ nínú ìyẹn.

Wàyí o, ìdí. Àwọn èèyàn máa ń ka ẹ̀sùn fún mi bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀: ìyá rẹ̀ ń fi ojú pa mí, kò kí àwọn òbí mi, ó máa ń hanrun. Ìdí kan ṣoṣo ni òfin mọ̀: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àmọ́ ẹ ò lè dúró síwájú adájọ́ kí ẹ kàn ní ó ti bàjẹ́. Ọ̀kan ó kéré tán nínú ohun mẹ́jọ tó wà ní ẹsẹ 15 ni ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn.

Àkọ́kọ́ ni pé ẹnìkejì kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí ẹ sùn pọ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Èkejì, ó ṣàgbèrè, ara yín ò sì gbà á mọ́ láti bá a gbé. Ẹ̀kẹta, ó ń hu ìwà tí ẹnikẹ́ni ò lè retí pé kí ẹ máa fara dà. Ẹ̀kẹrin, ó pa yín tì fún ọdún kan gbáko, kò dáwọ́ dúró, títí di ọjọ́ tí ẹ pẹjọ́. Ìkarùn-ún, ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì, ẹnìkejì ò sì takò ìkọ̀sílẹ̀. Ìkẹfà, ọdún mẹ́ta lẹ ti fi gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yálà ó gbà tàbí kò gbà. Ìkeje, kóòtù ti pàṣẹ kó padà sílé, ó sì ti kọ̀ fún ọdún kan. Ìkẹjọ, ó ti pòórá débi tí a fi lè gbà pé ó ti kú; bí ẹ ò bá gbúròó rẹ̀ fún ọdún méje, tí kò sì sí ìdí láti rò pé ó wà láyé, ìyẹn tó.

Ẹ̀kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá sí, òun ló sì gbòòrò jù. Òfin fúnra rẹ̀ dárúkọ àwọn kan lára ohun tó wọ ibẹ̀: ẹni tó ti di ọ̀mùtí paraku fún ọdún méjì ó kéré tán, ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi pé ó gbìyànjú láti pa yín, ẹni tí kóòtù ní kó máa san owó ìtọ́jú tí kò san án fún ọdún méjì. Ìlùkulù náà wà níbẹ̀. Híhanrun ò sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti mọ̀ nípa àgbèrè tí ẹ sì dárí jì í, tí ẹ padà ń gbé bíi tọkọtaya, ẹ ò lè tún hú u jáde lọ́la. Ìdáríjì ti pa ẹ̀sùn yẹn nìyẹn. Bí ẹ bá sì dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ ṣe é, ẹ ó mú òun náà wọ inú ẹjọ́. Mo ti rí àwọn tó dá ìwé padà lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, torí pé ọmọ àbúrò wọn lẹni náà.

Ọjọ́ wo ló kó lọ?

Ọkùnrin kan wá láti Molípa, ó ní ìyàwó òun pa òun tì. Mo béèrè ọjọ́ tó kó lọ. "Ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ni. Gbogbo àdúgbò mọ̀."

"Ti ọdún wo?"

"Èyí tí ẹgbẹ́ wa wọ aṣọ òkè aláwọ̀ ewé."

Ẹ jọ̀ọ́, adájọ́ ò sí nínú ẹgbẹ́ yín. Ojúde Ọba ń tẹ̀lé Iléyá ni, Iléyá sì ń tẹ̀lé òṣùpá. Ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí. Ti ọdún 2019 bọ́ sí oṣù kẹjọ, ti 2025 ti wá sí oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ní "ó pé ọdún kan ní Ojúde Ọba" kò tíì pé ọdún kan. Ọkùnrin yìí ṣí fóònù rẹ̀, ó ń wá fọ́tò aṣọ òkè náà, ọjọ́ tí wọ́n yà á wà lábẹ́ rẹ̀. A kà á lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri: oṣù mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kó lọ jókòó kó tó wá. Ká ní ó pẹjọ́ lọ́jọ́ yẹn lórí ìpatì, lọ́yà ẹnìkejì á fi oṣù kan ààbọ̀ tó kù yẹn gbá ẹjọ́ rẹ̀ síta.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kì í ṣe ayẹyẹ: ọjọ́ tó kó lọ, ohun tó sọ, ẹni tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ránṣẹ́ pè é, ìdáhùn rẹ̀, iye tó fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ọmọ àti oṣù tí kò fi nǹkan ránṣẹ́. Obìnrin kan mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá látẹ̀yìnwá, ìwé kíláàsì kẹta ọmọ rẹ̀ ni, ìṣirò wà níwájú, ìyà ẹ̀ wà lẹ́yìn. Lọ́yà tó kà á ní òun ò tíì rí ẹlẹ́rìí tó mọ ọ̀rọ̀ rò bí ìwé yẹn.

Ìpatì àti gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ṣe ohun kan náà o. Ìpatì ni kó lọ láìnídìí, láìsí ìfẹ́ yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gbà pé kí kálukú máa lọ, gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó lò, ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ ó sì kà. Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n ń lù, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí àwọn èèyàn máa ń fi dẹ́rù bà yín pé "bó o bá jáde, ìwọ lo kọ̀ ọ́, o ò lẹ́jọ́": òfin sọ pé ẹni tí ìwà rẹ̀ lé ẹnìkejì jáde, òun gan-an ló pa á tì. Ẹ kọ́kọ́ gba ara yín là. Ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ tọ́jú ìwé méjèèjì. Ẹjọ́ ò ní sá lọ.

Ẹ̀rí orí fóònù

Iṣẹ́ mi rèé gan-an. Wọ́n á wá, wọ́n á ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp jáde, ọgbọ̀n ojú ìwé, àwòrán ọkàn pupa káàkiri. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́, owó ni. Àmọ́ títẹ̀ ẹ́ jáde nìkan ò sọ ọ́ di ẹ̀rí. Evidence Act (òfin ẹ̀rí) ọdún 2011, ní ẹsẹ 84, sọ pé ohun tó bá jáde láti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹlẹ́rìí tó máa bá a rìn, tó ń sọ ẹ̀rọ tó ti jáde, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, àti bó ṣe tẹ̀ ẹ́. Lọ́yà yín ló máa kọ ọ́. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí fóònù lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má sì gé ọ̀rọ̀ tiyín kúrò kó lè jẹ́ pé tiẹ̀ nìkan ló hàn. Obìnrin kan ní kí n gé e. Mo kọ̀. Ọkọ rẹ̀ náà ní fóònù.

Nígbà tí ẹ bá ti pẹjọ́

Ní ilé ẹjọ́ gíga, ẹ gba lọ́yà. Kí ó kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá owó ìwé kóòtù àti owó fífi ìwé lé ẹnìkejì lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lágbára, kó lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́ nílé ẹjọ́, tàbí FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, kó béèrè bóyá wọ́n lè gba ẹjọ́ òun. Ìwé ìpẹ̀jọ́ náà á ní ọjọ́ àti ibi ìgbéyàwó, ibi tí ẹ gbé, orúkọ àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ ó búra sí i pé òótọ́ ni. Sátífíkéètì ìgbéyàwó á wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́yà náà á fọwọ́ síwèé pé òun ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìlàjà, ẹ má bínú sí i bó bá bi yín pé "Ṣé kò sí àtúnṣe ni?" Òfin ló ní kó béèrè. Adájọ́ pàápàá lè sún ẹjọ́ síwájú bó bá rí i pé ìlàjà ṣì ṣeé ṣe.

Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé náà lé ẹnìkejì lọ́wọ́. Obìnrin ọjọ́ Ajé tó fẹ́ lọ fi ìwé lé bàbá yẹn lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹni tó ń pẹjọ́ kì í fún ẹnìkejì níwèé fúnra rẹ̀.

Lórí àwọn ọmọ: wọ́n á sọ fún yín pé "ọmọ ti bàbá ni." Ìyẹn wà nínú oríkì, kò sí nínú ẹsẹ 71 Matrimonial Causes Act. Ire ọmọ ni adájọ́ máa ń wò ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ múra láti sọ ilé ìwé tó ń lọ, ẹni tó ń sìn ín lọ, iye tí oúnjẹ àti owó ilé ìwé ń ná yín lóṣù. Ẹ mú rìsíìtì dání.

Rìsíìtì náà ni ọ̀rọ̀ ilé. Àwa Ìjẹ̀bú kì í fi ilé kíkọ́ ṣeré, ìyàwó á fi èrè ọjà ra sìmẹ́ǹtì, ọkọ á gba ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìwé ilẹ̀ nìkan ló kù. Kóòtù lágbára láti pín ohun ìní, ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun dáwó fún ilé gbọ́dọ̀ fi hàn. Mo ti tẹ áfídáfíìtì obìnrin tó tọ́jú rìsíìtì búlọ́ọ̀kù àti páànù sínú agolo mílíìkì láti ọdún 2006, gbogbo ẹ̀ ti pọ́n. Mo ti tẹ ti ẹni tó ní "Ọlọ́run mọ̀" náà. Ẹ fojú inú wò ó, èwo nínú àwọn méjèèjì ló rọrùn fún lọ́yà?

Bí adájọ́ bá ti tú yín ká, ẹ má tíì rán aṣọ. Decree nisi, àṣẹ ìtúká tí kò tíì fìdí múlẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún yín. Oṣù mẹ́ta ni yóò fi jókòó kó tó di decree absolute, èyí tó tú yín ká pátápátá, bó bá sì jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún wà, kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ètò tó dára wà fún un. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, tọkọtaya lẹ ṣì jẹ́. Ẹ ò lè fẹ́ ẹlòmíràn. Èmi, lẹ́yìn tí mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi bíírò pupa fa ọjọ́ náà yíká lára kàlẹ́ńdà, ọkọ mi ìsinsìnyí sì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mò ń ka ọjọ́ bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Bó bá di absolute, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, ẹ gba ju ẹyọ kan lọ.

Bí ọkọ tàbí aya bá wà l'Ámẹ́ríkà

Àwọn tó ń béèrè èyí pọ̀, torí kò sí ilé kan ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí kò ní èèyàn ní Houston. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní Texas, ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ ti fi ìpínlẹ̀ náà ṣe ibùgbé fún oṣù mẹ́fà, kó sì ti gbé káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tó ti fẹ́ pẹjọ́ fún 90 ọjọ́. Lẹ́yìn tó bá pẹjọ́, wọ́n máa ń dúró fún 60 ọjọ́ ó kéré tán. Ní California, oṣù mẹ́fà ní ìpínlẹ̀, oṣù mẹ́ta ní káńtì, ìkọ̀sílẹ̀ ò sì lè parí kí oṣù mẹ́fà tó pé lẹ́yìn tí ẹnìkejì ti gba ìwé. Kò sí ẹni tó ń béèrè ẹni tó jẹ̀bi níbẹ̀ dandan. Wọ́n lè kàn ní àwọn ò rẹ́ mọ́. Bí ìwé kóòtù ilẹ̀ òkèèrè bá wọlé bá yín ní Òde-Rẹ́mọ tàbí Àgọ́-Ìwòyè, ẹ má jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá lọ́yà lọ́sẹ̀ náà.

Obìnrin ọjọ́ Ajé yẹn padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ó ti lọ sílé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní òun fẹ́ bá wọn gbálẹ̀, ó sì rí ìwé náà láàárín ìwé orin tí wọn ò ṣí mọ́. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì. Nọ́ńbà wà lórí ẹ̀. Orúkọ bàbá méjèèjì wà níbẹ̀, àgbẹ̀ ni ọ̀kan, awakọ̀ ni èkejì. Marriage Act wà nísàlẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà méjì fún un, mo kọ orúkọ ilé ẹjọ́ gíga sẹ́yìn páálí kan, mo ní kó lọ wá lọ́yà. Ó béèrè iye tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́. Mo ní owó fọ́tókọ́pì nìkan ni.